Ẹ̀yìn Òkè Tí Òjò Ò Dé

Àríyànjiyàn ni Valentine àti Juvénal fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan sọ fún àwọn ará abúlé lọ́jọ́ náà pé àwọn méjèèjì yóò di tọkọtaya, ẹ̀rín ni wọn ìbá fi dá a lóhùn.

Àsìkò náà, òjò ò tíì fìdí múlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti kọ ebè tán, wọ́n ń wojú ọ̀run. Abúlé wọn fẹ̀yìn ti òkè, ó yà díẹ̀ kúrò lójú títì kí èèyàn tó dé ìlú Paouignan, ní ilẹ̀ Benin. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kóra jọ sí láti gbọ́ ohun tí ọkùnrin kan tó ti ìlú Dassa wá fẹ́ sọ. Ọ̀kadà ló gùn wá. Aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa ti kun bàtà rẹ̀ débi tí èèyàn ò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Juvénal lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló rán an pé kó wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní asúráǹsì oko.

“Ẹ̀yin òbí mi,” ó ní, “kí a tó gbin nǹkan, olúkúlùkù á dá owó díẹ̀. Tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ tó, ilé-iṣẹ́ á sanwó fún yín. Ẹ ó lè ra irúgbìn tuntun. Ẹ ò ní torí ọ̀dá ta ilẹ̀, ẹ ò sì ní torí ọ̀dá yọ ọmọ nílé-ìwé.”

Valentine dìde láàrin àwọn obìnrin. Ọmọ Bàbá Sylvestre ni, àgbẹ̀ pàtàkì tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní agbègbè náà. Ó kàwé ní Dassa, ó kà á yanjú, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọkọ̀ lọ sí Cotonou, òun padà wálé, ó gba ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ń gbin àgbàdo àti sójà.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ó ní, “tí òjò bá rọ̀ dáadáa ńkọ́? Owó tá a dá dà?”

“Kò ní padà.”

“Háà!” Gbogbo ìpàdé kùn bí oyin.

“Ẹ jẹ́ kó yé mi,” Valentine tún wí. “ Tọ́dún bá dára, ẹ ó kówó wa lọ. Tí oko bá gbẹ, ìgbà yẹn lẹ tó máa rántí wa. Ṣé kì í ṣe ọ̀dá lẹ wá tà fún wa báyìí?”

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ọlọ́dàá! Ọlọ́dàá dé o!” Láti ọjọ́ náà ni orúkọ náà ti mọ́ Juvénal lórí.

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀. “Arábìnrin, ìbéèrè yín dára. Ẹ̀yin ẹ wò ó: tí ọdún bá yí po tí ilé yín ò jó, ṣé ẹ máa ń bínú sí omi tó wà nínú àmù?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Valentine létí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n rí i lójú òun.

Juvénal wá mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè torí ẹ̀ lé mi lọ. A kì í wá wo oko kọ̀ọ̀kan. Ohun tá a fi ń wọn òjò, ìlú Dassa ló wà. Ohun tó bá sọ la ó tẹ̀ lé. Tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, tí kò kọjá òkè wá síbí, oko yín lè gbẹ kẹ́ ẹ má rí kọ́bọ̀ gbà. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.”

Ojú Valentine kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ta ló ń tajà tó ń fi ibi tó bàjẹ́ lára ọjà rẹ̀ han oníbàárà?

Nígbà tí ìpàdé tú, ó lọ bá a níbi tó ti ń nu erùpẹ̀ kúrò lórí ọ̀kadà.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ti òjò tí ò kọjá òkè yẹn?”

“Ọ̀gá mi ní kí n má sọ ọ́. Ó ní yóò lé àwọn èèyàn sá.” Juvénal gbé ojú sókè. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa gbìn ín. Ẹ̀yin lẹ máa fara gbá a tó bá gbẹ. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.”

Ìyẹn ló mú Valentine. Kì í ṣe aṣọ tó mọ́, kì í ṣe ẹnu tó dùn. Ó forúkọ sílẹ̀, àwọn obìnrin kan sì tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ ò bá wọn dá sí i. Bàbá Sylvestre ní Ọlọ́run ló ń fi òjò jíǹkí ẹ̀dá, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ lé e lórí.

Juvénal bẹ̀rẹ̀ sí í wá lemọ́lemọ́. Ó ń kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbin irúgbìn tó tètè ń gbó, bí wọ́n ṣe lè pín oko sí oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn kí àdánù má baà kárí, bí wọ́n ṣe lè tọ́jú owó ìkórè dé ìgbà ìyàn. Tó bá kọ́ wọn tán, Valentine á sìn ín dé ìdí òkè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ oko ni wọ́n sọ. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ sẹ́yìn àwọn àpáta, kò sì sí ẹni tó rántí oko.

“Ẹ máa lọ síwájú,” Juvénal wí lọ́jọ́ kan níbi tí ọ̀nà ti há láàrin òkúta méjì.

“Juvénal, títí dìgbà wo lo máa fi ‘ẹ’ bá mi sọ̀rọ̀? Ṣé ìyá àgbà rẹ ni mí?”

Ó dúró gbagidi. “Valentine,” ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Máa lọ síwájú.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Oṣù Ògọ́ọ̀sì pé, ìrìn àjò mímọ́ sí Arigbo, ihò àpáta Màríà Wúńdíá tó wà ní Dassa, dé. Èèyàn wọ́ wá láti ibi gbogbo, ojú ọ̀nà kún, orin Màríà gba ìlú kan. Valentine wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ obìnrin abúlé rẹ̀. Bí wọ́n ti gbàdúrà tán níwájú ihò àpáta, ó rí Juvénal tó ń fi èjìká la èrò kọjá bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òjò ṣú, ó sì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òjò ńlá, òjò aláriwo. Èrò tú ká. Abẹ́ páànù ìsọ̀ kan ni wọ́n sá sí, omi ń kán láti orí wọn dé ẹsẹ̀.

“Valentine, ayọ̀ mi,” Juvénal wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́. Ìwọ ni mo fẹ́ bá dàgbà, ìwọ ni mo fẹ́ bá darúgbó. Ṣé wàá gbà mí?”

“Ariwo òjò yìí pọ̀,” Valentine ní. “Tún un sọ.”

Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀ débi tí ẹni tó ni ìsọ̀ yọjú wò wọ́n.

“Mo gbọ́ ọ láàkọ́kọ́,” Valentine wí, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó le koránkorán nítorí ọkọ́ di ọwọ́ Juvénal mú. “Mo gbà ọ́, olólùfẹ́ mi.”

Lójú rẹ̀, òjò ìbùkún ni. Sẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, tó gbé e padà ń ta ẹrẹ̀ títí wọ́n fi yí ìdí òkè po. Lójijì, ẹrẹ̀ tán. Erùpẹ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lẹ́yìn wọn. Valentine sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá oko rẹ̀, ó tẹ̀ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Kò sí ẹ̀kán omi kan. Àgbàdo tó ń yọmọ lọ́wọ́ ti ká ewé jọ bí ẹni tí òtútù mú. Òun nìkan ló tutù ní gbogbo oko náà, aṣọ rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe fi wọ́n ṣeré ní gbogbo àsìkò náà. Á rọ̀ sí Dassa, á kẹ́yìn sí wọn. Nígbà tí wọ́n kórè, ṣúkù àgbàdo tinrín-tinrín ni wọ́n kó wálé. Àwọn tó forúkọ sí asúráǹsì ń retí, ìdáhùn sì dé láti ilé-iṣẹ́: òjò rọ̀ tó ní Dassa. Kò sí owó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn ì bá fi fóònù pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Juvénal gun ọ̀kadà rẹ̀, ó wá jókòó síwájú wọn lábẹ́ igi máńgòrò kan náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i lára.

“Olè!”

“Ọlọ́dàá, o ta ọ̀dá fún wa, o tún kówó ọ̀dá lọ!”

“O ò sọ fún wa! O mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí, o sì pa ẹnu mọ́!”

Juvénal tẹrí ba. Ó ṣí ẹnu láti fèsì, wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́ síta. Valentine wo bàbá rẹ̀ tó ká apá kọ́ níwájú. Ó wo àwọn obìnrin tó tìtorí òun forúkọ sílẹ̀. Ó dìde.

“Ó sọ fún wa,” ó ní.

Ó nawọ́ sí igi tó wà lókè orí wọn.

“Etí tèmi ló gbọ́ ọ, etí tiyín náà gbọ́ ọ. Abẹ́ igi yìí ló ti sọ pé òjò lè má kọjá òkè. Oko tèmi náà gbẹ. Ebi tó ń bọ̀ wá bá yín ń bọ̀ wá bá mi. Ẹ jẹ́ kó dùn wá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Tá a bá lé ẹni tó ń sọ òótọ́ fún wa, ta ló máa kù pẹ̀lú wa?”

Wọ́n tú ká ní ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá Sylvestre kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Valentine, ṣé ọkùnrin yẹn lò ń fẹ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O gbè sẹ́yìn àjèjì, o kọjú sí àwọn èèyàn rẹ.”

“Ẹ̀yìn òótọ́ ni mo wà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

“N kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ń ta ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ tán.”

Ní ọjọ́ kejì, Juvénal dúró dè é ní ìdí òkè. Ojú rẹ̀ ti wọnú. “Ayọ̀ mi, mo ní owó tí mo fi pamọ́. Jẹ́ kí n fi dí àdánù rẹ. Ó kéré tán, wàá rí irúgbìn rà.”

Valentine gbọn orí. “Kì í ṣe àpò rẹ ni mo bá ṣe asúráǹsì. Tí mo bá gbà á, kí ni àwọn obìnrin yòókù máa gbà? Wọ́n á ní owó lo fi ra ẹnu mi.” Ó sún mọ́ ọn. “Tó o bá fẹ́ràn mi, wá ọ̀nà tí ohun tó ń wọn òjò á fi dé ẹ̀yìn òkè wa. Ìyẹn ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Inú Juvénal bàjẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú. Irú obìnrin wo rèé!

Ó fẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Ó ń ti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, títí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi gbà láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ ní gbọ̀ngàn mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú Dassa. Abúlé ní kí Valentine lọ sọ̀rọ̀. Bàbá Sylvestre ní òun ò lọ, ó sì lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, ó fi fìlà bojú.

Valentine sọ̀rọ̀ ní èdè abúlé rẹ̀, ó tún sọ ọ́ ní Faransé. Kò bẹ̀bẹ̀, kò jà. “Ẹ̀yin ẹ ń wá oníbàárà,” ó ní. “Àwa ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀. Tí ẹ bá fi òṣùwọ̀n òjò sí ẹ̀yìn òkè wa, a ó máa ṣọ́ ọ. Àwọn tó bínú lónìí, èmi ni mo máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n a ò ní dá owó lórí òjò tó rọ̀ sí ilé ẹlòmíràn.”

Wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ẹnì kan bi Bàbá Sylvestre bóyá ó mọ obìnrin tó sọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbé fìlà rẹ̀ sókè kúrò lójú. “Èmi ni mo bí i,” ó wí.

Síbẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lórí Juvénal. Kò sì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi gbé Juvénal lọ sí Kandi, lọ́hùn-ún ní àríwá. Òun àti Valentine sunkún ní ìdí òkè.

“Màá dúró dè ọ́,” Valentine wí. “Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó dúró. Mo ní iṣẹ́.”

Ó níṣẹ́ lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ gbé òṣùwọ̀n òjò náà wá, ike gbọọrọ tí a fàlà sí lára, wọ́n kàn án mọ́ òpó kan ní ìta gbangba, Valentine sì kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń wò ó tí òjò bá dá. Ó wá pe ìpàdé. Igbá òfìfo ló gbé kalẹ̀. Ó ní kí kálukú bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sí i. Ó wá tọ́ka sí obìnrin kan: “Oko tìrẹ gbẹ. Wá bu tìrẹ.” Obìnrin náà bu ẹ̀pà títí ọwọ́ rẹ̀ kún, igbá ò tíì gbẹ. “Ohun tó ń jẹ́ asúráǹsì nìyẹn,” Valentine ní. “Kì í ṣe èsúsú. O lè má bu tìrẹ láéláé. Máa dúpẹ́ lọ́dún tó ò bá bù ú.”

Ohùn kan dún lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ni. “Tí mo bá dáwó sí i, ṣé kì í ṣe pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́?”

Gbogbo ojú yí sí Valentine. Ó kúnlẹ̀ fún un, kó tó fèsì. “Bàbá, ẹ gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ ẹ kọ́ àká.”

Bàbá Sylvestre wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gòkè wá. “Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀,” ó ní. “Ọmọ mi ni mo gbà gbọ́ o, kì í ṣe Ọlọ́dàá.”

Ní gbogbo àkókò náà, Juvénal ń pè láti Kandi. “Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín, ayọ̀ mi?” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ pé ọkàn mi ń fà sí ọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, àárín oko rẹ̀ ni Valentine ti dáhùn. “Kò rọ̀,” ó ní. “Ó tún ti kọ̀.”

Ọ̀dá ọdún náà le ju ti ìṣáájú lọ. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òṣùwọ̀n ẹ̀yìn òkè jẹ́rìí, owó sì wọlé sórí fóònù àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ó ra oúnjẹ, ó ra irúgbìn. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, kò sí ọmọ ẹyọ kan nínú ilé àwọn tó dáwó tó jókòó sílé. Àwọn tó bú Juvénal lábẹ́ igi máńgòrò wá sí ilé Bàbá Sylvestre, wọ́n ń kí Valentine, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe orin. Ara abúlé yá gágá bí ẹni tó kórè ńlá.

Bàbá Sylvestre gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó pe Kandi.

“Ọlọ́dàá! Èmi ni o.”

“Bàbá?” Juvénal wí.

“Ṣé ọmọ mi ṣì wù ọ́, àbí Kandi ti gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ó wù mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Bàbá.”

“Nígbà náà, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Èèyàn tó lè jókòó gba èébú tí kò sá lọ, ó lè gbé ilé ró.”

Ọ̀rọ̀ wá ku sọ́dọ̀ ìyá Juvénal, Màmá Euphrasie, tó ń ta aṣọ ní ọjà Dassa. “Mo tajà rán ọ nílé-ìwé kí o lè bọ́ lóko,” ó pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀, “ìwọ wá fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà síbẹ̀! Kò sí ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ni?” Ṣùgbọ́n Juvénal ò yẹsẹ̀. Ìyá náà gbà, tìkọ̀-tìkọ̀, ó sì bá wọn wá lọ́jọ́ ìdána.

Agbọ̀rọ̀sọ ìdílé ọkọ dìde pẹ̀lú agbádá rẹ̀. “Ẹ̀yin èèyàn wa, a ń kọjá lọ ni, a rí òdòdó rèǹtè-rente kan nínú ọgbà yín. A wá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ jẹ́ ká já a.”

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ń retí kí bàbá ìyàwó dáhùn bó ṣe máa ń rí. Nínú yàrá, Valentine gbọ́ tí bàbá rẹ̀ wúkọ́.

“Ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà,” Bàbá Sylvestre wí. “Ṣùgbọ́n kò sí òdòdó nílé mi. Àgbẹ̀ ni mo bí. Àgbẹ̀ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n, tó kọ́ gbogbo ẹ̀yìn òkè. Ẹni tó bá wá òdòdó, kó máa lọ sílé kejì.”

Ojú agbọ̀rọ̀sọ rú. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Màmá Euphrasie gbé gèlè rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Juvénal, tí kò yẹ kó sọ̀rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà, dìde níbi tó jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá,” ó ní, “àgbẹ̀ ni mo wá bá.”

Ilé bú sí ariwo. Omi lé ròrò sójú Bàbá Sylvestre, kò sì nù ún. Màmá Euphrasie ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ ṣílẹ̀kùn yàrá fúnra rẹ̀, ó wo Valentine láti òkè délẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Ọwọ́ yìí le,” ó wí. “Ìyàwó mi, jáde wá. Jáde kí wọ́n rí ọ.”

Valentine jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, orí rẹ̀ sókè, ó sì rìn láàrin àwọn èèyàn rẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀.